Ta Ló Sọ Pé Ọ̀kẹ́rẹ́ Yìí Kò Wúlò?

Ní Cacaveli, ní ìlú Lomé, bí ilé ìwé bá ti parí, àwọn ọmọdé máa ń wá ibi tí ibòji wà. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn. Àwọn kan ń ta ayò. Àwọn mìíràn pagbo yí ẹ̀rọ eré kékeré kan ká. Eré Pokémon ni wọ́n ń ṣe.

Nínú eré yìí, ẹ̀dá abàmì ń bá ẹ̀dá abàmì jà. Ọmọ kan mú àwọn ẹ̀dá tirẹ̀ wá. Ọmọ kejì náà mú tirẹ̀ wá. Ẹni tí gbogbo ẹ̀dá rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣubú ni wọ́n ṣẹ́gun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kẹ́rẹ́ mi jà."

Ẹ̀gbọ́n á ní, "Èwo? Èyí? Kò wúlò! Wo bó ṣe kéré. Lọ jókòó."

Àbúrò á dákẹ́. Á lọ jókòó sẹ́yìn. Kò ní bá wọn ṣeré mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣé ẹ̀gbọ́n yìí dá ẹjọ́ náà dáadáa? Rárá o. Ó yára jù. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni yára pe ẹ̀dá kan ní aláìwúlò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín, ẹ̀yin ọmọ.

Eré tí ó ti ọ̀dọ̀ kòkòrò wá

Ọkùnrin ará Japan kan ni ó ronú eré Pokémon. Orúkọ rẹ̀ ni Satoshi Tajiri. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ó fẹ́ràn láti máa mú kòkòrò. Ó ń mú wọn bí àwọn ọmọ Lomé ṣe ń mú tata àti labalábá. Nígbà tí ó dàgbà, ó fẹ́ kí àwọn ọmọdé mìíràn mọ adùn tí ó wà nínú wíwá ẹ̀dá kiri.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré náà ní Japan. Ẹ̀dá 151 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, àwọn ẹ̀dá náà ti lé ní 1,000.

Ẹ̀dá púpọ̀, ìwà púpọ̀. Ti omi wà, ti iná wà, ti koríko wà. Omi ń pa iná. Iná ń jó koríko. Koríko ń mu omi. Nítorí náà, kò sí ẹ̀dá tí ó lè ṣẹ́gun gbogbo ẹ̀dá yòókù láìní ẹni tí apá rẹ̀ ká a.

Nọ́ńbà kò tó

Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́fà. Nọ́ńbà kan ń sọ bí ẹ̀mí rẹ̀ ṣe gùn tó. Òmíràn ń sọ bí ó ṣe yára tó. Àwọn yòókù ń sọ bí ó ṣe lè kọlu ẹlòmíràn àti bí ó ṣe lè fara da ìyà.

Dírágónì kan wà tí ń jẹ́ Garchomp. Bí ẹ bá ro nọ́ńbà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, 600 ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Pachirisu. Ó funfun, ó ní ìlà aláwọ̀ aró, ìrù rẹ̀ sì tóbi. Bí ẹ bá ro nọ́ńbà tirẹ̀ pọ̀, 405 péré ni.

Ẹ̀gbọ́n tí ó wo nọ́ńbà yìí nìkan á sọ pé, "Ẹ mú dírágónì. Ẹ fi ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nọ́ńbà ní ìtumọ̀. Bí dírágónì àti ọ̀kẹ́rẹ́ bá jà ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ó ṣòro kí ọ̀kẹ́rẹ́ borí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014.

Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, wọ́n ṣe ìdíje Pokémon àgbáyé ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó mọ eré náà jù lọ wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dá mẹ́fà wá. Nínú ìjà kan, ó máa yan mẹ́rin nínú mẹ́fà náà. Méjì á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á sì dojú kọ méjì ti ẹni kejì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Gúúsù Kòríà. Orúkọ rẹ̀ ni Sejun Park. Garchomp, dírágónì náà, wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dá omi kan tí ń jẹ́ Gyarados náà wà níbẹ̀. Ó tóbi, ó gùn bí ejò, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bani.

Ẹ̀dá wo tún ni Sejun Park mú wá? Ó mú Pachirisu. Ọ̀kẹ́rẹ́!

Kí ni ọ̀kẹ́rẹ́ wá ṣe láàárín àwọn alágbára? Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ṣe.

Iṣẹ́ kìíní: ó ń pe ọ̀tá sí ara rẹ̀. Bí ó bá ti pè wọ́n, òun ni wọ́n á máa lù, wọn kò ní lè lu ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì á wá ráyè jà.

Iṣẹ́ kejì: ó ń gba iná mànàmáná mu. Ẹ rántí pé ẹ̀dá omi ni Gyarados. Ó tún jẹ́ ẹ̀dá òfuurufú. Iná mànàmáná ń dun ẹ̀dá omi, ó sì ń dun ẹ̀dá òfuurufú. Nítorí náà, ó ń dun Gyarados ní ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá ju iná mànàmáná, ọ̀kẹ́rẹ́ á pè é sí ara rẹ̀. Iná náà kò ní pa ọ̀kẹ́rẹ́ lára. Ńṣe ni yóò fi kún ẹ̀mí rẹ̀!

Iṣẹ́ kẹta: ó ní eyín mímú. Bí ó bá gé ẹ̀dá kan jẹ, ìdajì ẹ̀mí tí ó kù fún ẹ̀dá náà á lọ. Bí ẹ̀dá náà tóbi bí erin, ìdajì ni yóò lọ.

Iṣẹ́ kẹrin: ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ọ̀tá, ara ọ̀tá á sì kú tipiri. Ẹni tí ó ń sáré tẹ́lẹ̀ á wá máa rìn bí ìgbín.

Ìgbà tí ìdíje parí, ta ni ó gba ipò kìíní láàárín àwọn àgbà? Sejun Park ni. Òun àti ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìẹ lè gbé mì.

Iṣẹ́ olúkúlùkù yàtọ̀

Ẹ wo bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2006, orílẹ̀-èdè Tógò lọ sí Ife Àgbáyé ní Jámánì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Emmanuel Adebayor, ọmọ tí wọ́n bí ní Lomé, ni ó gbá góòlù 11 wọlé nígbà tí Tógò ń wá àyè láti lọ. Gbogbo ènìyàn pariwo orúkọ rẹ̀.

Kossi Agassa ni ó ń ṣọ́ ilé. Iṣẹ́ tirẹ̀ kọ́ ni kí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Bí ẹnì kan bá sọ pé, "Agassa kò gbá góòlù kankan, nítorí náà kò wúlò," ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ó bi í pé, "Ta ni yóò wá ṣọ́ ilé?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pachirisu rí. Ẹni tí ó ń ka iye ọ̀tá tí ó ṣubú kò ní rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka iye ọ̀rẹ́ tí kò ṣubú ni yóò rí i.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹja tí ń ta pọ́ún-pọ́ún

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé, "Ó dáa, gbogbo ẹ̀dá ló wúlò níbi gbogbo." Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wo ẹja pupa kan tí ń jẹ́ Magikarp. Nọ́ńbà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 200 péré ni. Nígbà tí ó bá kéré, ohun kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń ta pọ́ún-pọ́ún. Bí ó bá ti ta pọ́ún, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Kò sí nǹkan kan. Bí ìdíje bá wà lọ́la, tí ẹ sì mú Magikarp kékeré lọ, wọ́n á nà yín. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ṣé kí ẹ wá jù ú nù? Ẹ dúró ná! Bí ẹ bá tọ́ Magikarp dé ìpele 20, ó á yí padà. Ṣé ẹ mọ ohun tí ó ń dà? Gyarados ni! Gyarados tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Sejun Park, ẹja tí ń ta pọ́ún-pọ́ún ni ó ti jẹ́ rí. Nọ́ńbà rẹ̀ ti kúrò ní 200, ó ti di 540.

Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni "kò wúlò lónìí," ọ̀tọ̀ ni "kò wúlò láéláé." Ẹni tí ó bá fẹ́ dájọ́ dáadáa kò ní da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè

Kí ẹ tó dá ẹ̀dá kan lẹ́jọ́, ẹ béèrè ìbéèrè márùn-ún yìí:

Kí ni ó mọ̀ ọ́n ṣe?
Àwọn wo ni ó fẹ́ bá ṣe é?
Àwọn wo ni ó fẹ́ bá jà?
Kí ni ó lè dà lọ́la?
Ṣé ẹ ti dán an wò?

Ìbéèrè karùn-ún ṣe pàtàkì. Ẹnu lásán kò dá ọbẹ̀ mọ̀, àfi kí ènìyàn tọ́ ọ wò. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ kò wúlò, kí ó jẹ́ kí ọ̀kẹ́rẹ́ jà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kí ó wá sọ ohun tí ó rí.

Bí ẹ bá sì béèrè tán, tí ẹ rí i pé ẹ̀dá náà kò bá ẹgbẹ́ yín mu, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Kò burú. Ẹni tí kò ní ẹ̀dá tí iná mànàmáná ń dùn lè má nílò Pachirisu. Kí ẹnikẹ́ni má kàn mú un nítorí pé Sejun Park mú un. Sejun Park ní ìdí tí ó fi mú un. Kí ẹ̀yin náà ní ìdí tiyín.

Ọmọ kì í ṣe Pokémon

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ni ó tóbi jù.

Ẹ̀dá inú ẹ̀rọ kò ní etí. Bí ẹ bá ní kò wúlò, kò ní sunkún. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ebi kò ní pa á. Ṣùgbọ́n àbúrò tí ó jókòó sẹ́yìn ní Cacaveli ní etí. Ó gbọ́ "Kò wúlò." Ó lè rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó lè gbà pé òótọ́ ni.

Ẹ lè yọ ẹ̀dá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ má yọ ọmọ kúrò nínú eré. Ẹ̀dá inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wúlò kí wọ́n tó mú un. Ọmọ kò ní láti wúlò kí wọ́n tó fún un láyè láti jókòó. Ọmọ ni. Ìyẹn tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí àbúrò yín bá mú ọ̀kẹ́rẹ́ wá, ẹ sún un mọ́ra. Ẹ bi í pé, "Àbúrò mi, kí ni tìrẹ mọ̀ ọ́n ṣe?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Ọdún wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré Pokémon?
2. Báwo ni ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń gba Gyarados lọ́wọ́ iná mànàmáná?
3. Kí ni Magikarp ń dà bí ó bá dé ìpele 20?
4. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "kò wúlò lónìí" àti "kò wúlò láéláé"?
5. Ṣé ẹ gbà pé kò yẹ kí wọ́n lé àbúrò kúrò nínú eré? Ẹ sọ ìdí yín.