Nígbà tí Òǹwòran Di Adájọ́

Bí a bá dárúkọ eré orí ìtàgé ní Èkó, ọkàn ọ̀pọ̀ wa a máa lọ sí gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Ìgánmú, èyí tí ìjọba fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 2024, tàbí sí àwọn ilé ìṣeré olówó gọbọi tó wà lápá Victoria Island. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò dé ibẹ̀. Eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mo fẹ́ sọ, irú èyí tí wọ́n ń fi aṣọ inú àpótí ìyá wọn ṣe, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, tí òǹwòran sì ń jókòó sórí àga oníke. Ọ̀kan pàtó nínú wọn ni mo mú lọ́wọ́, nítorí pé ó máa ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wò ó, ohun náà kì í sì í tán sínú gbọ̀ngàn.

Orúkọ eré náà ni Once Upon Four Robbers. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ló kọ ọ́. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí ìtàgé ní Arts Theatre tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1980. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa eré ti sọ ọ́ di tiwọn. Òṣèré tó ń fẹ́ pọ̀, orin inú rẹ̀ dùn, kò sì béèrè ààfin tàbí adé olówó iyebíye. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di àrà ọ̀tọ̀ ni pé kò ní òpin kan pàtó. Àwọn òǹwòran ni yóò dìbò kí àwọn òṣèré tó mọ ibi tí ìtàn náà yóò parí sí.

Ìtàn náà ní ṣókí

Àwọn sọ́jà ti yìnbọn pa olórí àwọn adigunjalè kan. Àlhájà, ìyàwó rẹ̀, àti mẹ́ta nínú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, Major, Hasan àti Angola, ló ṣẹ́kù. Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ààfáà kan yọ sí wọn. Ó fún wọn ní agbára orin kan. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ orin náà yóò máa jó, oorun yóò sì gbé e lọ. Àmọ́ ó fi òfin dè wọ́n: wọn kò gbọdọ̀ ja tálákà lólè, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ orin náà lọ́jà, àwọn oníṣòwò sùn lọ, owó ọjà di tiwọn. Nígbà tó yá, Major fẹ́ dá gbogbo owó náà ní, ọwọ́ sọ́jà sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn sọ́jà tó mú un pàápàá kò dá owó padà fún àwọn tó ni ín. Wọ́n fi í sápò ara wọn.

Ọjọ́ pé, wọ́n mú Major lọ síbi tí wọn yóò ti yìnbọn pa á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dé láti gbà á sílẹ̀. Níbẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti dúró gbọnin. Ààfáà bọ́ síwájú, ó kọjú sí àwa tí a jókòó, ó sì bi wá léèrè: ṣé kí wọ́n yìnbọn pa àwọn olè wọ̀nyí, àbí kí wọ́n má pa wọ́n? Èyí tí ọ̀pọ̀ bá fara mọ́ ni wọn yóò ṣe.

Bar Beach, 1971

Kí ìbéèrè yẹn tó lè wọ̀ wá lára, ó yẹ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí gan-an. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìbọn pọ̀ nígboro, ìdigunjalè sì gbilẹ̀. Ní 1970, ìjọba ológun gbé òfin jáde tó sọ ikú di ìjìyà adigunjalè. Láti 1971 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ní gbangba, ní etí òkun Bar Beach. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n pa Oyènúsì, ọ̀gá àwọn adigunjalè tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nígbà náà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló lọ wòran. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yẹn: wọ́n lọ wòran. Òpó wà níbẹ̀, ìbọn wà níbẹ̀, èrò wà níbẹ̀, ariwo sì wà níbẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò bi òǹwòran ní ohun tí òun náà rò. Ohun tí Ọ̀ṣọ́fisan ṣe ni pé ó tún kó òǹwòran jọ, ó wá bi í.

Ṣé ilẹ̀ Òyìnbó ni àrà yìí ti wá?

Àwọn kan máa ń sọ pé irú eré báyìí kì í ṣe tiwa. Wọ́n á tọ́ka sí Bertolt Brecht, ará Jámánì tó kú ní 1956, ẹni tí kò fẹ́ kí òǹwòran gbàgbé ara rẹ̀ sínú eré bí ẹni tó sùn lọ. Òótọ́ ni pé Ọ̀ṣọ́fisan mọ iṣẹ́ Brecht dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo àkọlé rẹ̀: bí Òyìnbó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ni. Apàlọ́ wà nínú eré náà, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi kọ àwọn orin inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí àlọ́ àpagbè rí mọ̀ pé bí àwọn ọmọ kò bá gbè é, àlọ́ kò lè rìn. Àwọn àlọ́ kan sì wà tí àgbà kì í parí. Yóò kó ẹjọ́ ọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀, yóò ní, “Ta ló jàre nínú wọn?” Orí àríyànjiyàn ni oorun yóò ti gbé àwọn ọmọ lọ.

Yunifásítì àti eré Yorùbá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n sọ ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mu ẹmu di eré olórin. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní kí òǹwòran gbè, kí ó sì dájọ́, ilé ló padà sí.

Alẹ́ méjì ní Yaba

Mo wo eré yìí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Yaba, ní alẹ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn. Òṣèré kan náà ni, ìlù kan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ààfáà kò tíì béèrè tán tí ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó lẹ́yìn mi fi na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ pa wọ́n jàre!” Wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wá bi í pé, “Ṣé àwọn tó já fóònù rẹ nìyí?” Ó dáhùn pé, “Olè lolè ń jẹ́.” Ikú ló borí nínú ìbò. Ìlù dún bí ìbọn, àwọn olè ṣubú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọbìnrin tó ṣe Àlhájà fa orin ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ gùn, ó kọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ìbò dé, èyí tó pọ̀ jù ní kí wọ́n dá wọn sí. Àwọn olè bá sọ̀ kalẹ̀ sáàárín wa, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń na ọwọ́ sí àpò àti fóònù wa. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwa tí a ní kí wọ́n dá wọn sí náà ti di àpò wa mú pinpin.

Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ tó darí eré náà bí wọ́n ṣe múra sílẹ̀. Ó ní òpin méjèèjì ni wọ́n kọ́ yanjú, pé àwọn tó ń ṣe olè kì í mọ̀ lálaalẹ́ bóyá wọn yóò kú tàbí wọn yóò yè. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi délé. Láti ọjọ́ Ẹtì sí Àbámẹ́ta, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olè náà kò dín, bẹ́ẹ̀ ni òfin kò yí padà. Àwọn òǹwòran mìíràn wọlé, orin kan sì gùn sí i. Èyí nìkan ló wà láàárín ikú àti ìyè.

Níbi tí kò ti sí Ààfáà

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2012, ní Aluu, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, èrò fi ẹ̀sùn olè kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Àwọn kan dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò. Ní oṣù Keje 2017, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan wà lára wọn. Mẹ́rin ni àwọn olè inú eré Ọ̀ṣọ́fisan, mẹ́rin náà ni àwọn ọmọ Aluu. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Aluu, kò sí ẹni tó dá ọwọ́ èrò dúró kí ó tó béèrè.

Ẹ má gbàgbé SARS náà. Nítorí adigunjalè ni wọ́n ṣe dá ẹ̀ka ọlọ́pàá yẹn sílẹ̀ ní 1992. Kí a tó fojú kan oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde ní Surulere, Yaba àti káàkiri, tí ìjọba sì tú u ká ní ọjọ́ 11, irun orí àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ti tó láti sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè lójú wọn.

Ìbínú ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́ Ẹtì yẹn yé mi. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni toní-nǹkan, kò sì sí ẹni tó yẹ kí ó gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ oní-nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe kejì kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ó ń sọ fún oní-nǹkan bí yóò ṣe lo ọjọ́ rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lápá Yaba, Mushin tàbí Surulere, ẹ máa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Creative Arts ní Yunifásítì Èkó, Akọka, léèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣeré. Ara ẹ̀kọ́ wọn ni. Ẹ mú ọ̀rẹ́ kan dání, pàápàá èyí tí èrò yín kì í dọ́gba. Bí Ààfáà bá béèrè, ẹ jẹ́ kí ó béèrè tán kí ẹ tó na ọwọ́. Bí igbe “olè!” bá sì sọ níta gbangba, tí táyà àti bẹntiróòlù ti ń bọ̀, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó. Ẹ pè é kí ẹ tó ronú àtiya fídíò.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn tí a dìbò pa á dìde, wọ́n á tẹrí ba fún wa, a ó sì jọ wọ dáńfó kan náà lọ sílé. Lọ́jà Ojúwòyè, wọn kì í dìde.