Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí lọ́yà tiyín kò tíì kà

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa ni mo gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n àwa ọmọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Ìkòròdú, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 78. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, ilé kan àti ilẹ̀ kan lọ́nà Ìmọ̀ta ló fi sílẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn wọlé, ó mú ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú dání. Ó ní, "Màámi, lọ́yà yín rèé o. Ẹ kàn bá wa tẹ̀ka síbí, ká lè bá yín gba ìwé ilẹ̀ yẹn lọ́dọ̀ ìjọba." Ìyá ò mọ̀wé. Wọ́n gbé yíǹkì wá, ìyá tẹ̀ka, wọ́n tún ṣàdúrà fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì fún wọn ní omi tútù mu kí wọ́n tó lọ.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, tírélà ń já búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ ìyá sáré débẹ̀, wọ́n fi ìwé hàn wọ́n. Ìwé pé ìyá ti ta ilẹ̀ ni. Ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú yẹn, lọ́yà gidi ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́yà ẹni tó ń rà á ni. Gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà rí sọ kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ: "Wọ́n ní lọ́yà mi ni."

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí gan-an nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà tó bá wọlé yín ni lọ́yà yín. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún un, ẹni yẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹni tó ń ra ilẹ̀ bá mú lọ́yà wá, tí ó ní kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ náwó lórí òmíràn, pé òun kan náà á ṣe é fún tọ̀tún-tòsì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tiyín lọ.

Àwọn kan á ní, ṣé ó wá tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò béèrè láyé àtijọ́ ti di wúrà. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tó wà ní Ìmọ̀ta. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun tó wà ní Lẹ́kí, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, tí Ẹ̀pẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ tì. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó ń wá ilẹ̀ ló ń kọjú sápá ibẹ̀. Lọ́wọ́ ta sì ni ilẹ̀ wọ̀nyí wà? Lọ́wọ́ bàbá àti ìyá arúgbó tó jókòó síwájú ilé ni.

Òfin ò fi wọ́n sílẹ̀ o. Òfin kan wà nílùú yìí tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ka á fún un, òun túmọ̀ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kó tó tẹ̀ka. Bí ẹ ò bá rí ìyẹn lórí ìwé tí ìyá yín tẹ̀ka sí, ẹ tètè gbé e lọ bá lọ́yà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn lọ́yà wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìkan ni iṣẹ́ wọn, wọ́n tiẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ láti ọdún 1987. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, lọ́yà tó ń ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan náà ló ń ṣe ìwé ìhágún, tí gbogbo ayé ń pè ní wíìlì. Ọwọ́ wa ló kù sí láti wá èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì lè fi sùúrù bá àgbà sọ̀rọ̀.

Báwo la ó ṣe wá a? Àkọ́kọ́, ẹ wá a nígbà tí orí àgbà ṣì pé. Ẹ má dúró dìgbà tí bàbá ò bá dá yín mọ̀ mọ́. Wíìlì tí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra bá ṣe, kọ́ọ̀tù lè dà á nù. Power of Attorney náà, tí bàbá fi ń fún ọmọ láṣẹ pé kó máa bá òun ṣe nǹkan, bí orí bàbá bá ti dàrú tàbí tó bá kú, àṣẹ yẹn máa ń parí ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìkejì, ẹ rí i dájú pé lọ́yà ni. Kóòtù dúdú ò sọ ènìyàn di lọ́yà, ó wà lọ́jà. Gbogbo lọ́yà ló ní orúkọ nínú ìwé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láti ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ti ní kí wọ́n máa lẹ sítáǹpù tó ní orúkọ àti nọ́ńbà yẹn mọ́ ìwé tí wọ́n bá ṣe. NBA ní ẹ̀ka ní Ìkòròdú, wọ́n ní ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ lọ béèrè, kò sẹ́ni tó máa bú yín.

Ìkẹta, ẹ bi í léèrè irú ẹjọ́ tó máa ń ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gba béèlì ní tẹ́sàn lè má mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ ẹbí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ fún yín pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá nìkan tà á láì fi tó àwọn àgbààgbà ẹbí létí, wọ́n lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n sì da ọjà náà rú. Ó á tún sọ fún yín pé ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí bàbá bá ń fọwọ́ sí wíìlì, àti pé ẹni tí wọ́n há nǹkan fún nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ìpín tirẹ̀ má baà bọ́.

Ìkẹrin, iye owó. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni, iṣẹ́ wo ló sì wà fún. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má kó ojúlówó ìwé ilẹ̀ lé e lọ́wọ́ láì jẹ́ pé ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kó fi ẹjọ́ dẹ́rù bà yín lórí owó: òfin ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ iye tó jẹ́ ránṣẹ́ sí yín, kí oṣù kan sì kọjá, kó tó lè pè yín lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Láti ọdún 2000 ni ìjọba Èkó ti dá Office of the Public Defender sílẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká lọ́yà. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 1976. Bó bá sì jẹ́ ìjà àárín ẹbí, Citizens' Mediation Centre á bá yín parí rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀.

Ìkarùn-ún, òun ló ṣe pàtàkì jù: kí lọ́yà rí àgbà lóun nìkan. Mo mọ bàbá apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gba lọ́yà fún bàbá, kí bàbá kọ gbogbo ilé sórúkọ òun. Lọ́yà yẹn gba owó, ṣùgbọ́n ó ní kí ọmọ bọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, kí gbogbo ará ilé jáde. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, kí lẹ̀yin alára fẹ́?" Bàbá ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin òun mẹ́ta tó ń tọ́jú òun náà ní yàrá nínú ilé yẹn. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ bínú, nígbà tó yá ó gbà. Irú lọ́yà tí à ń wá nìyẹn. Ọmọ ló sanwó, bàbá ló ni lọ́yà.

Ẹ má sì rò pé tí àgbà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ á yanjú ara rẹ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó láì ṣe wíìlì, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Àwọn kan ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba dọ́gba. Àwọn kan ní ìdí-igi ni, kí wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ọ̀nà kan. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1962 ni wọ́n tó dá a pé ìdí-igi ni. Ẹ wo ìrìn tí ìwé kan ì bá dá dúró!

Ìyá Àgbà wa ti ní lọ́yà báyìí, obìnrin ni, ní Ìkòròdú níbí. Ìwé tí wọ́n ní ìyá tẹ̀ka sí yẹn, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n kà á fún ìyá. Ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kọ́ọ̀tù, n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ti kọ́gbọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wọlé wọn báyìí, ìbáà ṣe ìwé ìpàdé àdúgbò, wọ́n á kọ́kọ́ ká ọwọ́ wọn méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ẹ lọ gbé e fún lọ́yà mi. Èyí tí èmi fúnra mi gbà."

Ẹ lọ bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ yìí o. Ó dìgbà kan ná.