Ìkòkò Irin àti Àwọn Tí Ń Dà Á

Ekukáká ni a ó fi rí ilé kan ní Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Erúwà, láti Ìdèrè dé Ayétẹ̀, tí a kì yóò ti bá ìkòkò irin nínú ilé ìdáná. Inú rẹ̀ ni a ń ro àmàlà láfún wa. Ìyá a lò ó, ọmọ a jogún rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá sì já, a kì í sọ ọ́ nù, nítorí ẹni tí ń dà á yóò gbà á lọ́wọ́ wa, yóò wọ̀n ọ́n, yóò yọ́ ọ, yóò sì tún dà á. Irin ni a ń pè é, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni.

Ohun àtayébáyé kọ́ ni. Ọdún 1886 ni Hall ní Amẹ́ríkà àti Héroult ní ilẹ̀ Faransé, láì gbìmọ̀ pọ̀, rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ jáde ní owó pọ́ọ́kú. Agbára tí a ó fi yọ́ àlòkù rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ogún èyí tí a ó fi ṣe tuntun lọ. Ìjọba wa kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí Ikot Abasi láti máa ṣe tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, iṣẹ́ sì dúró ní 1999. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí kò dúró dè é. Wọ́n ń da ìkòkò tiwọn lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò yà wo iṣẹ́ náà rí. Iyanrìn ọlọ́rinrin ni wọ́n ń kì mọ́ ìkòkò ògbólógbòó kan, nínú àti lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá yọ ìkòkò náà kúrò, àlàfo tín-ín-rín tí ó kù ni ìkòkò tuntun. Wọn a fi èédú dáná títí irin yóò fi gbóná ju 660 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn a dà á sínú àlàfo, wọn a fọ́ iyanrìn, wọn a sì fi fáìlì ha á. Ẹni tí iyanrìn rẹ̀ bá rin jù, irin gbígbóná lè bú gbàmù sí i lójú. Ta ni yóò pe èyí ní iṣẹ́ aláìmọ̀?

Síbẹ̀, ògbólógbòó ni àwòṣe wọn lójoojúmọ́, àléébù bàbá a sì di ti ọmọ. Etí tí a dà mọ́ ìkòkò ń gbóná bí ikùn rẹ̀. Àkísà ni àwọn ìyá wa fi ń gbé e. Ta ni ó ti jókòó ro bí a ó ti fi igi ṣe etí náà? Asiru Ọlátúndé ti Òṣogbo (1918–1993), alágbẹ̀dẹ, lu alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ títí ènìyàn, igi àti ẹranko fi yọ lára rẹ̀, a sì mọ orúkọ rẹ̀ jìnnà sí Òṣogbo. Ọwọ́ kò wọ́n wa. Àròjinlẹ̀ lórí ohun èlò ilé ni ó wọ́n.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni òjé. Ní 2014 àwọn onímọ̀ tẹ ìwé jáde lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ láti Kamẹrúùnù: wọ́n se omi kíkan nínú wọn, òjé sì jáde sínú omi náà. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àjákù tí a dà pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù ni ó ń mú un wá: rédíétọ̀ mọ́tò, ẹ̀rọ tí a fi òjé jó, àti irú wọn. Àwọn kan yóò wí pé kí a pa iṣẹ́ náà tì, kí a máa ra ti òkè òkun. N kò gbà. Kí a máa ṣa àjákù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni: férémù fèrèsé àti páànù òrùlé mímọ́ fún ìkòkò oúnjẹ, ohunkóhun tí òjé bá wà lára rẹ̀, kí ó má ṣe dé ìléru náà rárá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè ohun tí ó fi dà á kí ẹ tó sanwó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń ya àwòrán etí ìkòkò onígi lóṣù yìí. Alágbẹ̀dẹ kan ti gbà láti da mẹ́ta wò, bí a bá lè bá a wá àjákù mímọ́.