Ẹ Sọ Iye Tí Nọ́ọ̀sì Ń Gbà Kí Ọmọ Wa Tó Jẹ Gbèsè

Sí Dókítà Túnjí Àlàùsá, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Àbújá.

Ọlọ́lá jùlọ,

Dókítà kíndìnrín ni yín kí ẹ tó di mínísítà. Ẹ ti ṣiṣẹ́ ní Ṣíkágò, ẹ sì ti jẹ́ mínísítà kejì nílé iṣẹ́ ètò ìlera kí wọ́n tó gbé yín wá síbi ètò ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹ mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì mọ ohun tí ojú wọn ń rí lóru. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín.

Ọmọ àbúrò mi kan pé ọdún 18 lọ́dún yìí. Máàkì JAMB rẹ̀ gbé e wọ yunifásítì ìjọba láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, inú gbogbo ilé sì dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi, òun àti ìyá rẹ̀ tó ń ta gààrí jókòó ti ìwé àti bírò, a fẹ́ mọ̀ bóyá kó gba ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan péré ni ìyá rẹ̀ béèrè: "Bọ̀dá mi, tó bá yá owó yìí, ìgbà wo ló máa san án tán?" A mọ iye tí wọ́n lè yá a. Kò sẹ́ni nínú wa tó lè sọ iye tó máa gbà lóṣù.

N kò kọ̀wé láti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀yáwó náà. Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2024 sàn ju ti ọdún 2023 lọ dáadáa. Wọn kò béèrè oníduúró mọ́, wọn kò sì fi owó tó ń wọlé fún òbí dí ọmọ lọ́nà. Owó ilé ìwé ń lọ tààrà sọ́wọ́ ilé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè sì ń gba ₦20,000 lóṣù fún ìjẹun. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìn àgùnbánirọ̀ ni sísan máa bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ á sì máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ìyá tó ti yá owó gbọ́mú-lé-láńtà rí mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé owó ilé ìwé jẹ́ ₦200,000 lọ́dún. Ọdún márùn-ún, ó di mílíọ̀nù kan. Ká sọ pé ó ń gba owó ìjẹun fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún. Òun náà di mílíọ̀nù kan. Gbèsè mílíọ̀nù méjì nìyẹn. Tó bá ríṣẹ́ tó ń san ₦150,000 lóṣù, ₦15,000 ni wọ́n máa yọ, yóò sì san án fún ọdún mọ́kànlá ó lé oṣù kan. Tó bá jẹ́ pé ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti ọdún 2024, ni ilé ìwòsàn aládàáni kan ń san fún un, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 24. Gbèsè kan náà ni, ilé ìwé kan náà ni. Ibi tó ti ríṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ó wọlé ní ọmọ ọdún 18, ó jáde ní 23, ó lo ọdún kan nílé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ó tún lọ sin ìlú. Pẹ̀lú ọdún méjì ìdúró yẹn, ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí wọ́n máa kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀, ìyẹn bí àwọn olùkọ́ kò bá yanṣẹ́ lódì. Ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, fi wà nílé. Bí ó bá ń gba ₦150,000 náà títí, ọmọ ọdún 38 ni yóò jẹ́ nígbà tí gbèsè máa tán. Láàárín àkókò yìí ló yẹ kó lọ́kọ, kó bímọ, kó máa tọ́jú ìyá rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yáwó náà kò rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìtàn tàbí èdè lè máa dirun, kó máa ta dátà, kó fi ra oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wà ní wọ́ọ̀dù. Bó bá kúrò ní kíláàsì, wọ́ọ̀dù ló ń lọ. Bó bá kúrò ní wọ́ọ̀dù, ìdánwò káńsù àwọn nọ́ọ̀sì ń dúró dè é. Owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, yunifọ́ọ̀mù funfun, bàtà, owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù: ta ló máa san wọ́n? Ìyá tó ń ta gààrí ni. Ti yunifásítì aládàáni tilẹ̀ burú jù, nítorí ẹ̀yáwó yìí kò dé ibẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ààyè tó wà fún nọ́ọ̀sì ní yunifásítì ìjọba kò pọ̀. Èmi kò ní gba òbí kankan nímọ̀ràn pé kó lọ yá owó elélé gba ibẹ̀ lọ, bó ti wù kí ọmọ náà fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tó.

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó àjẹmọ́nú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, káńsù wọn ti kọ́kọ́ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì. Wọ́n jáde ṣèwọ́de lórí ìyẹn náà. Tí mo bá wo ìṣirò tí a ṣe lórí tábìlì wa, kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀dọ́ tó lè fi owó oṣù díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù san gbèsè tí yóò gbà á ní ọdún mọ́kànlá nílé, kí ni ẹ fẹ́ fi dá a dúró? Ìwé àṣẹ kò lè ṣe é.

Ẹ ti gbé Amẹ́ríkà, ẹ sì mọ ètò Nurse Corps wọn: nọ́ọ̀sì tó bá ṣiṣẹ́ ọdún méjì níbi tí nọ́ọ̀sì ti ṣọ̀wọ́n, ìjọba á bá a san ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún wa. Kí gbogbo ọdún tí nọ́ọ̀sì bá lò ní ilé ìwòsàn ìgbèríko máa pa apá kan nínú gbèsè rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin kí mínísítà tó ń bọ̀ má baà lè yí i padà. Kí ẹ sì tẹ iye tí nọ́ọ̀sì tuntun ń gbà nílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni jáde, níwájú ibi tí ọmọ ti ń tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó.

Ọmọ àbúrò mi ti pinnu: ó ń lọ, yóò sì yá owó náà. Ọdún márùn-ún ló máa lò kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Àkókò yẹn tó yín láti tún òfin yìí ṣe dè é.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n ìyá akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan, Ìbàdàn.