Irọ́ Ni Pé Jíju Bọ́ọ̀lù Láti Ìsàlẹ̀ Kì Í Ba Èjìká Jẹ́

Ẹ̀yin òbí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹ ń kó ọmọbìnrin lọ sí pápá sọ́fútbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ẹ ti gbọ́ ọ títí ẹ fi gbà á: ẹni tó bá ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, apá kì í ro ó. Wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe dá apá nìyẹn, kò dà bíi ti béèsìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gba òkè jù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 12 kan ṣoṣo fi ń jù ú láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Irọ́ gbuu ni.

Níbi Òlíńpíìkì Atlanta lọ́dún 1996, àwọn onímọ̀ ya fídíò àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ṣírò agbára tó ń fa apá kúrò lára èjìká. Ní ìpíndọ́gba, ó tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Àgbà eléré ni wọ́n o! Ìwádìí mìíràn lọ́dún 2009 rí i pé iṣan iwájú apá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ ju ìgbà tí a bá gba òkè jù ú lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irọ́ yìí ń sọ ọmọ tó ti rẹ̀ di ọ̀lẹ lójú kóòṣì. Ẹ wò ó: bó bá ti rẹ ọmọ, àyà rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, orúnkún ẹsẹ̀ iwájú tó yẹ kó dúró gbọin á rọ. Agbára tó yẹ kó ti ẹsẹ̀ àti ìbàdí wá, èjìká nìkan ni yóò wá a. Bọ́ọ̀lù á máa ṣìnà, kóòṣì á máa pariwo pé, "Yí ìbàdí kíá! Gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè!"

Ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń dá kún un. Bí ìbàdí bá ti yí tán kí ọwọ́ tó kọjá, ó ti dínà fún apá nìyẹn. Àfi kí ọmọ ká ìgbọ̀nwọ́ síta kó lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ wo fídíò àwọn ọ̀gá nínú eré náà, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀: ìbàdí wọn ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kúrò lọ́wọ́, apá wọn sì ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ha ẹ̀gbẹ́ ara.

Ẹ ó ní, "Yukiko Ueno ńkọ́?" Òótọ́ ni, ní Beijing lọ́dún 2008, ọmọ Jàpáánì yẹn ju bọ́ọ̀lù 413 láàárín ọjọ́ méjì, ó sì gba wúrà. Ọmọ ọdún 26 ni, egungun rẹ̀ ti gbó. Ti ọmọ yín ṣì ń dàgbà. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin sì ni Òlíńpíìkì, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tiyín.

Ẹ máa ka iye tí ọmọ ń jù. Ẹ kọ́ ẹlòmíràn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí orúnkún yẹn bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹ yọ ọ́ kúrò, kódà bí ẹgbẹ́ yín bá ń borí lọ́wọ́.