Owó Ẹ̀rọ Kò Pé Láìsí Owó Ẹ̀kọ́

Òpin ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ṣe gbèǹdéke fún àwọn iléeṣẹ́ ọba láti kúrò lórí fáìlì bébà, kí lẹ́tà, ìwé àṣẹ àti àkọsílẹ̀ máa gba orí kọ̀ǹpútà láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ aládàáni náà ń tọ ọ̀nà kan náà. A fara mọ́ ọn, nítorí fáìlì tó ń sọnù ti mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì máa pààrà ọ́fíìsì títí agara fi dá wọn. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn tí yóò lo ẹ̀rọ náà. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí: wọn á háyà gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, aṣojú iléeṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ á máa fi àwòrán hàn lára ògiri láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọn á jẹun ọ̀sán, wọn á gba ìwé ẹ̀rí, wọn á ya fọ́tò, ó parí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá padà sídìí tábìlì rẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ṣe ohun tí wọn kò fi hàn án ní gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tó lè bi. Díẹ̀díẹ̀ ni bébà á fi padà wọlé. Èrò wa ni pé ẹnu iṣẹ́ gan-an ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ti kọ́ ẹ̀rọ tuntun, nínú àkókò iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, kí owó ẹ̀kọ́ náà sì wà nínú owó tí a fi ra ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí télọ̀ ń lo ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá. Á kọ́kọ́ máa wò, á ṣe díẹ̀, wọn á tú u, á tún un ṣe, kó tó di pé wọ́n gbàdúrà fún un lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ̀ọ̀mù. Kò sí ọ̀gá tí yóò fi ọjọ́ kan ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún ọmọ iṣẹ́, tí yóò sì gbé mọ́tò oníbàárà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí náà ti rí ohun tó jọ èyí. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti fi hàn pé ohun tí a kọ́ máa ń tètè ṣá lọ́kàn bí a kò bá padà sí i. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Amẹ́ríkà: wọ́n ní kí àwọn kan máa ka ìwé kan lákàtúnkà, kí àwọn yòókù kà á, kí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí ohun tó wà nínú rẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ti fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn. Kí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ fara balẹ̀ ro èyí, nítorí ìṣẹ́jú 5 yẹn gan-an ni wọ́n máa ń lò láti fi díwọ̀n sẹ́mínà. Wọ́n á pín fọ́ọ̀mù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo èèyàn á kọ ọ́ pé òun gbádùn rẹ̀, ó sì yé òun. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló yẹ kí a bi wọ́n.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ òde òní kò le, pé ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ lò, ti tuntun kò ní ṣòro fún un. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ Boeing sọ nípa bàálù 737 MAX. Wọ́n fi ètò kan tó ń jẹ́ MCAS sínú rẹ̀, tó lè fúnra rẹ̀ ti imú bàálù sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìlànà àwọn awakọ̀ òfurufú. Wọ́n ní ẹni tó ti ń wa 737 tẹ́lẹ̀ kò nílò láti padà sínú ẹ̀rọ ìdánrawò, ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ti tó. Owó wà nídìí rẹ̀: Boeing ti ṣèlérí fún Southwest, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kan, pé òun á dín mílíọ̀nù kan dọ́là kù lórí bàálù kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀rọ ìdánrawò bá di dandan. Ní October 29, 2018, ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà já sínú òkun ní Indonéṣíà, èèyàn 189 sì kú. Ìwé ìkìlọ̀ jáde lóṣù tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kíka ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí kí ọwọ́ ti mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ìṣẹ́jú kò bá tó. Ní March 10, 2019, òmíràn já ní Etiópíà, ó pa èèyàn 157. Ọmọ Nàìjíríà méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, àti Aṣojú Abíọ́dún Bashua, wà lára wọn. Àìsí ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló fà á. Àléébù wà lára ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí bàálù náà padà sójú òfurufú ní November 2020, dandan ni wọ́n sọ ọ́ pé kí awakọ̀ kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ ìdánrawò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kò pọn dandan ti wá di dandan, lẹ́yìn ẹ̀mí 346.

Ẹ̀rọ ọ́fíìsì kì í já látòkè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó bá tẹ ìwọ̀n oògùn sí ojú ibi tí kò yẹ lè ṣe aláìsàn léṣe, akọ̀wé tó bá sì ṣi orúkọ tẹ̀ lè mú kí owó oṣù ẹnìkan dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nílé níbí, àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà tó dára jù. Ìpínlẹ̀ Edo dá ètò ẹ̀kọ́ EdoBEST sílẹ̀ ní 2018, Èkó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, EKOEXCEL, ní 2020. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní bí wọn yóò ṣe lo tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn alábòójútó sì ń tọ̀ wọ́n lọ sínú kíláàsì láti wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn kan ń bẹnu àtẹ́ lù ú pé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ sílẹ̀ fún olùkọ́ ń dè é lọ́wọ́. Ẹ̀sùn yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀sùn náà dá lé lórí. Pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá olùkọ́ dé ẹnu iṣẹ́, ohun tí a fẹ́ rí ní gbogbo iléeṣẹ́ ọba nìyẹn.

Àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń ní owó kò sí, àti pé bí àwọn bá kọ́ òṣìṣẹ́ tán, á já pa. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ́, tó sì dúró, ń náni lówó lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń ṣírò rẹ̀. Ní ti owó, àjọ ITF (Industrial Training Fund), tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà láti 1971 nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún sí àpò àjọ náà, kí ẹni tó bá sì kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́ lè gba tó ìdajì padà. Iléeṣẹ́ tó ń san owó yìí, tí kò sì béèrè ohun tó tọ́ sí i, ara rẹ̀ ló ń ré jẹ.

Àwíjàre tó ń bí wa nínú jù ni pé òṣìṣẹ́ tó ti dàgbà kò lè kọ́ ẹ̀rọ mọ́. Nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn ìyá ọlọ́jà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó lórí fóònù, nítorí iṣẹ́ wọn béèrè fún un, ọmọ tàbí aládùúgbò sì wà nítòsí tó ń fi hàn wọ́n. Àwọn onígbájúẹ̀ fi àláàtì irọ́ lu àwọn kan ní jìbìtì, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá purọ́. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀kọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kékeré tó mọ kọ̀ǹpútà jókòó ti ọ̀gá tó mọ òfin iṣẹ́ ọba, kí a sì ka wákàtí àwọn méjèèjì sí iṣẹ́.

A rọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti fi wákàtí ìkẹ́kọ̀ọ́ kún ohun tí wọ́n ń bá ìjọba dúnàádúrà lé lórí, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún owó oṣù. Kí iléeṣẹ́ ọba má san owó tó kù fún ẹni tó ta ẹ̀rọ títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi máa fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin sì dá gbogbo ìṣúná ẹ̀rọ tí kò bá ní owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú padà fún ẹni tó gbé e wá.