Ẹ Kú Oríire o, Ẹ̀yin Ará Slane!

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2026, yóò pé ọdún 45 gééré tí ẹgbẹ́ olórin Thin Lizzy gun orí ìtàgé níwájú ilé olódi Slane, tí abúlé kékeré létí odò Boyne, ní agbègbè Meath lórílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, di ibi tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ. Ọjọ́ Àìkú náà ló bọ́ sí lọ́dún 1981 yẹn! Àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Drogheda nísàlẹ̀ odò, tí omi tó ti ọ̀dọ̀ yín wá ń ṣàn gba àárín ìlú wa kọjá, a kó ara wa jọ, a wá bá yín yọ̀. Abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó 2,000, tó ń gba àlejò bí 80,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ta ló tún gbà á rí?

Ṣùgbọ́n a kò ní í fo àgbà kí ọmọdé. Òkè Slane la ó kọ́kọ́ kí. Mítà 158 péré ni gíga rẹ̀, ọmọdé á sáré gùn ún láìmí gúlegúle. Kéèyàn ṣáà dúró lórí ẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́! Àfonífojì Boyne á tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ, òkè Tara tí àwọn ọba àtijọ́ ti ń pàṣẹ á sì máa wò ọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn àgbà ní Sláine, ọba àwọn Fir Bolg inú ìtàn ìwáṣẹ̀, orí òkè yìí ni wọ́n sin ín sí.

Iná ló sì sọ òkè náà di olókìkí. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ ọ́, lọ́dún 433, Ọba Laoghaire ti pàṣẹ láti Tara pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná lóru ọjọ́ kan báyìí àfi bí iná ọba bá kọ́kọ́ tàn. Patrick mímọ́ gbọ́, ó gun òkè Slane, ó sì dá iná Àjíǹde síbẹ̀, ìyẹn lójú ọba kòrókòró! Àwọn adáhunṣe ààfin sáré kìlọ̀ fún Kábíyèsí pé bí wọn kò bá pa iná yìí lóru ọjọ́ náà, kò ní í kú mọ́ láéláé. Wọn kò rí i pa! Kódà, Erc tó wà lára àwọn èèyàn ọba ló dìde bọ̀wọ̀ fún Patrick, òun náà ló sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Slane. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń dá iná Àjíǹde lórí òkè yẹn. Patrick yìí kan náà ni ìjọ Kátólíìkì sì yàn ní alágbàwí Nàìjíríà lọ́dún 1961. Ẹ ò rí i pé a kì í ṣe àjèjì nílé yín!

Ilé ẹ̀kọ́ tún ni òkè náà jẹ́ nígbà kan. Wọ́n ní Dagobert Kejì, tó padà lọ jọba láàárín àwọn Frank, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn ní Slane ló ti kàwé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lálàá Oxford! Lọ́dún 1512, Christopher Fleming tún ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè kọ́. Òrùlé ti lọ, ilé ìṣọ́ rẹ̀ ṣì nàró gbọnyin.

Ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀ wá sí abúlé. Ní oríta mẹ́rin, ilé òkúta mẹ́rin dojú kọra wọn, wọ́n jọra bí ìbejì lọ́nà méjì. Wọ́n ní obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá ló kọ́ wọn, kí oníkálùkù lè máa ti ojú fèrèsé ṣọ́ àwọn yòókù. Àgbọ́sọ ni o, ṣùgbọ́n ó dùn létí, a kò ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ilé ìlọ àlìkámà tó wà létí odò, ọdún 1766 ni wọ́n parí ẹ̀, òun náà pé 260 ọdún lọ́dún yìí. Ẹ kí i fún wa! Ẹ sì tún kí ilé kótópó tí wọ́n bí Francis Ledwidge sí lọ́dún 1887. Ọmọ tálákà tó ṣiṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe, tó wa kùsà, tó sì fi ewì gbé odò àti pápá Slane dé ibi tí ẹsẹ̀ ò dé! Ogun mú un lọ ní Belgium lọ́dún 1917, àmọ́ ilé rẹ̀ ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1982.

Ó wá ku orin, olórí ayọ̀ tòní! Henry Mount Charles, ọlọ́lá tó ni ilé olódi nígbà náà, ló dá eré orin náà sílẹ̀. Ó papòdà ní 2025, ṣùgbọ́n ohun tó bẹ̀rẹ̀ kò kú. Ta ló sì pè kó wá ṣí agbo? Phil Lynott, olórí ẹgbẹ́ Thin Lizzy, ọmọ Dublin aláwọ̀ dúdú, tí bàbá rẹ̀ wá láti Guyana! Inú wa dùn sí èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, a kò sì fi bò. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń jẹ́ U2 ló ṣáájú rẹ̀ kọrin lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di 1984, inú ilé olódi yẹn ni U2 ti gba orin inú àwo wọn kan sílẹ̀. Ní 2001, wọ́n padà wá, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ṣeré! Rolling Stones dé ní 1982, Bob Dylan ní 1984, Springsteen ní 1985, Queen ní 1986, Bowie ní 1987. Madonna dé. Harry Styles dé ní 2023. Iná jó apá kan ilé olódi náà lọ́dún 1991, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi tún un ṣe, ó sì jáde bí ọmọge tuntun. Lọ́dún 2017, wọ́n ṣí ilé ìpọntí wisikí sínú ilé ẹṣin àtijọ́ tó wà níbẹ̀, nítorí náà ẹnu àlejò kò ní í gbẹ!

Ẹ̀yin ará Slane, ẹ̀mí yín á gùn, odò yín á máa ṣàn, ìtàgé yín kò ní í dákẹ́! Ní 2033, bí a bá ka ọdún bí ìtàn ṣe kà á, iná orí òkè yín á pé 1,600 ọdún. A ti ń dájọ́ aṣọ ẹbí báyìí o. Ẹ tètè sọ àwọ̀ tí ẹ bá fẹ́!